Kí ló ń gbé sárésáré lọ sórí yìnyín? Àlàyé lórí eré bobsled

Bí ìròyìn bá ti jáde pé sárésáré kan ti fi pápá sílẹ̀, pé eré bobsled ló ń bá kiri báyìí, ọ̀rọ̀ náà á gba orí WhatsApp àwa Yorùbá tó wà ní Abuja kan, láti Kubwa títí dé Lugbe. Ẹnìkan á ní ó ti ta orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní owó ìjọba ni wọ́n ń fi ṣòfò lórí eré tí a kò ní yìnyín tí a ó fi ṣe é. Ẹnì kẹta á béèrè bóyá eré sísá ni kò mówó wọlé mọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀: kí èèyàn yí eré tó ń ṣe padà, kí ó yí orílẹ̀-èdè tó ń ṣojú fún padà, àti ta ni ń sanwó. Ibi tí a ti lọ́ wọn mọ́ra wọn ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ni bobsled gan-an?

Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni. Irin gbọọrọ mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí táyà ìbá wà. Orí àwọn irin yìí ló fi ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, nínú ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ mú omi dì sórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gùn tó mítà 1,200 sí 1,500, ó sì máa ń ní kọ́nà tó tó 15. Ọkọ̀ náà máa ń sáré ju kìlómítà 130 lọ ní wákàtí kan. Ní Whistler, ní Kánádà, ó máa ń kọjá 150. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Iwájú ni awakọ̀ ń jókòó sí. Kò ní sítíárì. Okùn méjì ló ń fà, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ni bíréèkì, kì í sì í fà á títí wọ́n á fi kọjá ìlà ìparí. Àwọn ọkùnrin ń díje ní ẹlẹ́ni-méjì àti ẹlẹ́ni-mẹ́rin. Àwọn obìnrin ń díje ní ẹlẹ́ni-méjì, àti nínú monobob tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Láti Òlíńpíìkì ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ní Chamonix, nílẹ̀ Faransé, ní 1924 ni àwọn ọkùnrin ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó di 2002, ní Salt Lake City, kí wọ́n tó gba àwọn obìnrin láyè. Monobob ò débẹ̀ àfi ní Beijing 2022.

Ẹ má pò ó mọ́ skeleton. Nínú skeleton, ẹnì kan á dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kékeré kan, orí rẹ̀ ni yóò sì ṣáájú. Àjọ àgbáyé kan náà, IBSF, ló ń darí méjèèjì, ìdí nìyẹn tí àjọ tiwa náà fi ń jẹ́ Bobsled and Skeleton Federation of Nigeria.

Kí ló dé tó fi jẹ́ sárésáré ni wọ́n ń wá?

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Bí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ náà dúró sójú kan. Àwọn tó ni ín á dì í mú, wọ́n á máa tì í, wọ́n á máa sáré, fún nǹkan bíi mítà 50, kí wọ́n tó fò wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì nìkan, láìsí èèyàn nínú rẹ̀, wúwo ju kílò 160 lọ. Gbogbo títì yìí kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 6 lọ. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti jókòó, kò sí ẹni tó tún lè fi kún ìsáré ọkọ̀ náà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ló kù tí yóò máa gbé e lọ. Ohun tí awakọ̀ lè ṣe kò ju kí ó ṣọ́ kọ́nà dáadáa lọ, kí èyí tí wọ́n ti rí kó jọ lókè má bàa sọnù.

Nítorí náà, ẹni tó bá pẹ́ lókè ti pẹ́ dé ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ohun tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá eré yìí máa ń sọ ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tí o bá jèrè níbi títì lè di ìdá mẹ́ta nígbà tí o bá fi máa dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba àkókò tíntín ló ń ya ẹni tó gba wúrà sọ́tọ̀ sí ẹni tó gba fàdákà. Ní Sochi ní 2014, wọ́n sáré ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ní ọjọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 0.10 ìṣẹ́jú àáyá péré ni ọkọ̀ Kánádà fi ṣáájú ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí Elana Meyers wà, tí Lauryn Williams sì tì. Sárésáré ni Lauryn Williams: òun ló gba fàdákà nínú mítà 100 ní Athens 2004, ó sì wà lára ikọ̀ Amẹ́ríkà tó gba wúrà nínú eré 4x100 tí ẹni mẹ́rin ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, ní London 2012.

Àwọn tó ń wá atìkọ̀, ìyẹn ẹni tí yóò máa ti ọkọ̀, mọ̀ pé agbára àtigbéra láti ojú kan kì í ṣe ohun tí wọ́n lè kọ́ èèyàn ní oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ́ sárésáré ní bí a ti ń ti ọkọ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ sí pápá eré sísá, ibi tí àwọn tó ń fo igi ìdènà àti àwọn tó ń fò jìnnà wà. Wíwà ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọdún púpọ̀ lèèyàn fi ń kọ́ ọ, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn kọ́nà tirẹ̀ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí. Bí ẹ bá gbọ́ pé sárésáré kan ti wọ bobsled, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá títì ló ń tì í tàbí wíwà ló ń wà á. Ìdáhùn náà á sọ fún yín bí iṣẹ́ tó kó lé orí ti tó.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí kò bá ṣe eré sísá lè má fura sí. Nínú mítà 100, ọ̀pọ̀ sárésáré ló ń ṣáájú títí dé mítà 40 tàbí 50, tí àwọn mìíràn á wá lé wọn bá, tí wọ́n á sì kọjá wọn kí ó tó parí. Lórí pápá, àléébù ni èyí. Nínú bobsled, ibi tó dára jù lọ nínú eré ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń rà, wọn kò béèrè ìyókù. Ẹni tí kò lè wọ ìparí mítà 100 ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn atìkọ̀ tó dára jù láyé.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo sárésáré ló bá a mu. Ọkọ̀ tó bá wúwo a máa sáré sọ̀kalẹ̀ ju èyí tó fúyẹ́ lọ, àmọ́ àjọ ti fi òté lé ìwúwo: ẹlẹ́ni-mẹ́rin àwọn ọkùnrin, pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju kílò 630 lọ. Bí ara àwọn atìkọ̀ bá wúwo tó, wọ́n lè jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fúyẹ́, kó lè rọrùn ún tì. Èyí ló mú kí Lolo Jones, tó ti gba wúrà àgbáyé ẹ̀ẹ̀mejì nínú mítà 60 abẹ́ òrùlé pẹ̀lú fífo igi ìdènà, ní 2008 àti 2010, sọ ní gbangba bí òun ṣe ń jẹun àjẹkún kí òun lè sanra tó fún bobsled. Ara tí a fi ń sáré mítà 100 ń yí padà nìyẹn, kì í sì í rọrùn láti dá a padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ṣé ohun tuntun ni?

Rárá o. Eddie Eagan, ará Amẹ́ríkà, gba wúrà nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní 1920, ó sì tún gba wúrà nínú bobsled ní 1932. Willie Davenport tó gba wúrà nínú mítà 110 pẹ̀lú fífo igi ìdènà ní Mexico 1968 ló tún ti bobsled ní Lake Placid ní 1980. Ọ̀pọ̀ yín ló ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ Jàmáíkà tó lọ sí Calgary ní 1988. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Montell Douglas tó sáré fún Gẹ̀ẹ́sì ní Beijing 2008 padà sí ìlú kan náà ní 2022, ṣùgbọ́n bobsled ló bá lọ lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ yẹ kí gbogbo òbí eléré ìdárayá mọ̀ ni Alexandra Burghardt ti Jámánì. Ó sáré ní Òlíńpíìkì Tokyo ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2021. Ní oṣù kejì 2022, ó gba fàdákà nínú bobsled ní Beijing, òun ló ń ti ọkọ̀ tí Mariama Jamanka ń wà. Lẹ́yìn náà ó padà sórí pápá, ó sì gba idẹ nínú 4x100 ní Paris 2024. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ fún èkejì.

Báwo ni ti Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Seun Adigun ni orúkọ àkọ́kọ́. Chicago ni wọ́n ti bí i ní 1987, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Mítà 100 pẹ̀lú fífo igi ìdènà ni eré rẹ̀: ó gba wúrà Áfíríkà ní Nairobi ní 2010, ó tún gba wúrà nínú ìdíje All-Africa Games ní Maputo ní 2011, ó sì ṣojú Nàìjíríà ní London 2012. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ gbìyànjú bobsled lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí atìkọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i pé kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tó ti kó ikọ̀ bobsled lọ sí Òlíńpíìkì rí.

Ó pe àwọn méjì mọ́ra, sárésáré làwọn náà: Ngozi Onwumere, tó ti gba fàdákà nínú mítà 200 ní All-Africa Games ní Brazzaville ní 2015, àti Akuoma Omeoga, tó sáré fún University of Minnesota. Wọn kò ní ọkọ̀. Adigun fi pákó kan ọ̀kan fúnra rẹ̀ ní Houston, nínú gárééjì, ó sọ ọ́ ní Maeflower ní ìrántí arábìnrin rẹ̀ kan tó ti dolóògbé. Ọkọ̀ onípákó yẹn ni wọ́n fi kọ́ bí a ti ń tì í, ní ìlú tí ooru rẹ̀ kò kéré sí ti Abuja nínú oṣù kẹrin.

Ẹ ṣe àkíyèsí èyí dáadáa, nítorí àwọn tó ń bú wọn kì í sọ ọ́: Adigun kò kàn ń tì í, òun ló tún wà á. Àwọn awakọ̀ mìíràn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wà lórí yìnyín kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó lè dé Òlíńpíìkì, òfin ní kí wọ́n parí ìdíje márùn-ún, lórí ọ̀nà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Ìkarùn-ún ni wọ́n parí ní Calgary ní oṣù kọkànlá 2017.

Ní oṣù kejì 2018, ní PyeongChang ní Kòríà Gúúsù, Onwumere gbé àsíá Nàìjíríà wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà dé Òlíńpíìkì ìgbà òtútù nìyẹn. Adigun àti Omeoga parí ìsáré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì kẹ́yìn. Simidele Adeagbo, tó ti ń fò ẹ̀ẹ̀mẹta fún University of Kentucky, tí àyè Òlíńpíìkì 2008 sì bọ́ mọ́ lọ́wọ́ díẹ̀, díje nínú skeleton ní ẹni ọdún 36. Òun náà kẹ́yìn, ó ṣe ipò 20 nínú 20, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ péré tó kọ́kọ́ fi ara kan yìnyín.

Ipò tó kẹ́yìn yìí ni àríyànjiyàn dá lé. Àwọn kan ní kí ni èrè ìrìn-àjò tó parí sẹ́yìn gbogbo ayé? Àwọn mìíràn ní àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lórí pákó ní Houston kò lè bá àwọn ará Jámánì dọ́gba láàárín ìgbà kúkúrú bẹ́ẹ̀, pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ là á. Ìhà méjèèjì gbà pé wọ́n kẹ́yìn. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀.

Ṣé ẹni tó yí eré padà ti yí orílẹ̀-èdè padà?

Rárá. Ìbéèrè yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, òun ló sì rọrùn jù láti dáhùn. Nàìjíríà ni Adigun sáré fún ní London, Nàìjíríà náà ló wa bobsled fún. Eré ló yí padà, àsíá kò yí.

Yíyí àsíá padà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì ní òfin tirẹ̀. Ìwé òfin Òlíńpíìkì sọ pé ẹni tó bá ti ṣojú orílẹ̀-èdè kan gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún mẹ́ta kí ó tó ṣojú òmíràn, àyàfi bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dín in kù. Francis Obikwelu nìyẹn: ó sáré fún Nàìjíríà, ó di ọmọ Potogí ní 2001, ó sì gba fàdákà fún wọn nínú mítà 100 ní Athens 2004. Gloria Alozie, tó gba fàdákà fún wa ní Sydney 2000, lọ sí Sípéènì. Ní 2025, ìròyìn jáde pé Favour Ofili fẹ́ máa sáré fún Turkey. Ìrora tó wà lẹ́yìn ìpinnu Ofili ló ń mú kí ọ̀rọ̀ bobsled náà gbóná lẹ́nu wa. Ní Tokyo, ó wà lára àwọn eléré ìdárayá 10 tí wọ́n yọ nítorí pé Nàìjíríà kò ṣe iye àyẹ̀wò òògùn olóró tí òfin béèrè. Ní Paris 2024, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ mítà 100 bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sáré wọlé. Ẹni tó bá ń bínú lórí èyí ní ìdí láti bínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú kan náà la gbọ́dọ̀ gbé dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wọ bobsled lábẹ́ àsíá wa.

Ta ló wá láṣẹ lórí ẹni tó bá yí eré padà? Àjọ tó ń darí eré sísá, AFN, kò ní àṣẹ kankan lórí yìnyín, bẹ́ẹ̀ ni àjọ bobsled kò ní àṣẹ lórí pápá. Àjọ bobsled ti Nàìjíríà, tí Solomon Ogba, ààrẹ AFN tẹ́lẹ̀, ti jẹ́ ààrẹ rẹ̀, ló ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí IBSF. Bó bá kan Òlíńpíìkì, Nigeria Olympic Committee tó wà ní Surulere, nílùú Èkó, ló ń fi orúkọ sílẹ̀. National Sports Commission, níbí ní Abuja, tí wọ́n tún gbé dìde nígbà tí wọ́n fagi lé ilé iṣẹ́ ìjọba fún eré ìdárayá ní 2024, ló ń bójú tó owó ìjọba àti ìlànà. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa bi léèrè, ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ ń kàn.

Òfin òògùn olóró kò yí padà pẹ̀lú eré. Ẹni tó ti kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú eré, tó wá fẹ́ padà sí ìdíje àgbáyé, gbọ́dọ̀ ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò fún oṣù mẹ́fà kí ó tó díje. Ọ̀pọ̀ sárésáré tó lérò pé òun kàn lè padà sórí pápá lẹ́yìn ìgbà òtútù kò rántí èyí.

Owó ta ni wọ́n ń ná?

Eré olówó ńlá ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì tó dára a máa ná ẹgbẹẹgbàárùn-ún dọ́là. Irin abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan, nítorí bí òtútù bá ṣe le sí ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n á gbé ọkọ̀ náà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Wọ́n á sanwó fún ìsọ̀kalẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n á sanwó akọ́nimọ̀ọ́gbá, owó ilé, owó físà.

Ní ti àwọn ọmọ Nàìjíríà ti 2018, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ayé. Nígbà tí òkìkí wọn kàn ni Visa àti Under Armour dá sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ní owó ìjọba Nàìjíríà ló kọ́ ọkọ̀ onípákó yẹn kò rí i rò. Bí owó bá sì sọnù, ìrìn-àjò lè dúró: ní PyeongChang kan náà, àwọn obìnrin Jàmáíkà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọkọ̀ tí wọn yóò fi díje nígbà tí àwọn àti akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Sandra Kiriasis, pínyà nígbà tí eré ku díẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọtí Red Stripe ló bá wọn san owó ọkọ̀.

Owó mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Olympic Solidarity, tí ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé ń pín fún àwọn orílẹ̀-èdè láti ran eléré ìdárayá lọ́wọ́. Wọ́n ya ti ìgbà òtútù sọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè kó o wá tún pápá ṣe ní Nyanya. Àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ ní bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àkókò àwọn aláṣẹ àti owó ìrìn-àjò wọn kò yẹ kí ó lọ sí yìnyín nígbà tí àwọn sárésáré ilé ń tiraka. Àwọn tó wà lódìkejì ní kí wọ́n fi ìwé owó náà hàn kí á tó jà. Lójú tèmi, ìwé náà ló yẹ kó ṣáájú. Láìsí i, ìró lásán ni ìhà méjèèjì ń bá jà.

Kí ló dé tí bobsled wa kò sí ní Beijing 2022?

Nọ́ńbà ni. Ní 2018, ètò kan wà tó ń ṣí àyè sílẹ̀ fún apá ilẹ̀ ayé tí kò bá ní aṣojú. Fún Beijing, wọ́n yọ ètò náà kúrò nínú bobsled àti skeleton, ipò lórí tábìlì àgbáyé ló wá ku. Akwasi Frimpong ti Ghana, sárésáré tẹ́lẹ̀ rí tó di eléré skeleton, wà lára àwọn tó pariwo lórí rẹ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé o gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí o tó lè gòkè lórí tábìlì, yìnyín náà kò sì sí ní Áfíríkà. Àwọn tó fara mọ́ òfin tuntun ní ọkọ̀ 20 péré ló lè wọ ìdíje obìnrin, pé ẹni tó bá yára jù ni kó wọlé, àti pé kò sí ẹni tó yẹ kí ó máa kọ́ ìwakọ̀ ní ojú Òlíńpíìkì, nítorí ewu tó wà níbẹ̀.

Ìdí ààbò yẹn kì í ṣe àwáwí lásán. Ní 2010, Nodar Kumaritashvili, ọmọ Georgia tó ń ṣe luge, èyí tí wọ́n fi ń fẹ̀yìn lélẹ̀ tí ẹsẹ̀ á ṣáájú, kú lójú ọ̀nà Whistler nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Nínú bobsled fúnra rẹ̀, àwọn eléré ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń pè ní sled head: orí fífọ́ àti ojú tó ń ṣú lẹ́yìn tí ọpọlọ bá ti gbọ̀n jìgìjìgì lọ́pọ̀ ìgbà. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá sọ pé òun fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí kí ó tó gbọ́ nípa àmì ẹ̀yẹ.

Adeagbo bọ́ sí monobob ní àkókò yìí. Wọ́n mú monobob wá pẹ̀lú ìlérí pé irú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo ènìyàn yóò máa lò, kí owó má bàa máa pinnu ẹni tó borí, kí orílẹ̀-èdè tí kò ní ju ẹnì kan lọ sì lè díje. Síbẹ̀, Samuel Ikpefan, tó ń fi pátákó gbọọrọ rìn lórí yìnyín, nìkan ló ṣojú Nàìjíríà ní Beijing.

Ṣé ọmọ tó ń sáré ní Abuja lè débẹ̀?

Àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lọ sí PyeongChang gba yunifásítì Amẹ́ríkà kọjá: Adigun àti Onwumere gba Houston, Omeoga gba Minnesota, Adeagbo gba Kentucky. Kò sí ẹnì kan tó ti pápá Abuja, Kaduna tàbí Jos lọ. Èyí ni ohun tó ń dun àwọn olùkọ́ eré sísá níbí, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Kò sí ọ̀nà bobsled kankan ní gbogbo Áfíríkà. Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, ọyẹ́ ibẹ̀ sì ń mú èèyàn wárìrì, ṣùgbọ́n kò lè mú omi dì di ọ̀nà eré.

Àmọ́ yìnyín kọ́ ni ìdènà àkọ́kọ́. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ tí wọ́n fi táyà kékeré sí lábẹ́ ni wọ́n ń tì lórí irin, láìsí yìnyín rárá. Ọkọ̀ pákó Adigun ti fi hàn pé gárééjì kan tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dí ọmọ Abuja lọ́wọ́ ni pé kò sí ẹni tó wá wò ó, kò sí ẹni tí yóò sanwó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má fún un ní físà láti lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta ní ilẹ̀ òtútù.

Ìdánwò tí àwọn ikọ̀ ńlá fi ń yan atìkọ̀ kò sì ṣòro. Wọ́n á ní kí o sáré mítà 30 tàbí 45 láti ojú kan, wọ́n á máa ka àkókò rẹ̀ lágbede méjì. Wọ́n á ní kí o dúró sójú kan kí o fò jìnnà. Wọ́n á ní kí o ju òkò irin wúwo láti ìsàlẹ̀ ikùn. Wọ́n á wo bí irin tí o lè gbé ti wúwo tó. Gbogbo èyí ni ènìyàn lè ṣe ní ọjọ́ Sátidé kan ní pápá MKO Abiola tí wọ́n kọ́ fún All-Africa Games ti 2003, pẹ̀lú tépù ìwọ̀n kan àti aago tó dára. Bí ọmọ yín bá ń gbéra kánmọ́kánmọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń lé e bá ní ìparí, ẹ kọ àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi déètì sí i, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ohun àkọ́kọ́ tí àjọ bobsled èyíkéyìí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.